Láti Ẹ̀yìn Wá sí Iwájú: Èrò Kan lórí Kíkọ́ Aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀ ní Fótò Yíyà ní Agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò

Ní ọjọ́ tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó bá ń ṣe ayẹyẹ ìgboyè ní Ọ̀jọ́, kí ènìyàn tó rìn láti Ìyànà-Ìbà dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà, àwọn ayàwòrán yóò ti dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. "Màmá onígboyè, ẹ dúró síbí, ìmọ́lẹ̀ wà níbí!" Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní ọmọ-iṣẹ́ kan tí ń tẹ̀lé e. Ọmọ náà yóò gbé báàgì kọ́ èjìká, yóò di páálí funfun kan mú lọ́wọ́, yóò sì mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Bí oòrùn bá wà ní apá ọ̀tún oníbàárà, apá òsì ni yóò gbé páálí rẹ̀ sí, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí ẹ̀gbẹ́ ojú tí ó ṣókùnkùn. Bí a bá bi í léèrè ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní bí ọ̀gá òun ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Nínú kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sí ibẹ̀, a lè rí ọmọ mìíràn, ẹgbẹ́ ọmọ-iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ orí, tí ó lè ka oríkì ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aperture láìfi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò tí ì di kámẹ́rà mú rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Ẹni àkọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe, kò mọ̀ ọ́n sọ. Ẹnì kejì mọ̀ ọ́n sọ, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Àárín àwọn ọmọ méjèèjì yìí ni èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ti wá.

Mo gbà pé àìsí kámẹ́rà kọ́ ni olórí àìsàn tí ó ń bá ẹ̀kọ́ fótò yíyà jà ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni pé kámẹ́rà kò sí. Ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Iwájú ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, láti ara ẹ̀rọ àti ìtàn ẹ̀rọ, sáà ẹ̀kọ́ a sì parí kí a tó dé ẹ̀yìn, níbi tí àwòrán fúnra rẹ̀ wà. Àwọn ọ̀gá onífótò tí wọ́n wà ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì kò ka ìwé kankan lórí ìlànà ìkọ́ni, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń mú ọmọ bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà a sì dé iwájú.

Ó yẹ kí a rántí bí ẹ̀kọ́ yìí ṣe wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ni ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí àjọ NERDC ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́-ọwọ́ àti òwò 34 ni ó wà nínú ìlànà náà, fótò yíyà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, ó kéré tán. Ní ọdún 2014 ni àjọ WAEC bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánwò lórí wọn. Lórí ìwé, ohun ìdùnnú ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ? Ní àwọn ibi tí mo ti rí i tí wọ́n yan fótò yíyà, olùkọ́ iṣẹ́-ọnà tàbí ti físíìsì ni wọ́n tì í sí lọ́rùn. Mo mọ olùkọ́ Yorùbá kan tí wọ́n fún ní iṣẹ́ náà nítorí pé òun ni ó máa ń ya fótò níbi ayẹyẹ ìparí ọdún. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde ìlànà mìíràn tí ó dín àwọn iṣẹ́-ọwọ́ wọ̀nyí kù sí mẹ́fà: iná mànàmáná láti ara oòrùn, aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn, ìṣaralóge, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti ọ̀gbìn. Fótò yíyà kò sí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Àwọn kan yọ̀ sí ìkéde yìí, wọ́n ní ẹrù ti kúrò lórí olùkọ́. Èmi kò bá wọn yọ̀. Fóònù tí ó ní kámẹ́rà wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn ọmọ yóò máa ya fótò bí a kọ́ wọn, bí a kò kọ́ wọn. Ohun tí ìkéde náà ṣe ni pé ó dá ẹ̀kọ́ yìí padà sí ọwọ́ àwọn méjì: ọ̀gá ẹ̀bá ọ̀nà, àti olùkọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn tí àwòrán bá jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá wà nínú irú ẹnì kejì yìí, n ó sì sọ ìdí rẹ̀ bí mo bá dé ibẹ̀.

Kí ìlànà ọdún 2025 tó jáde, mo lọ ṣe àbẹ̀wò sí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní agbègbè Òkòkòmáíkò. Ọmọ dáadáa ni, ìwé ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ó fi ẹfun ya kámẹ́rà ńlá kan sí ojú pátákó, irú èyí tí ń lo fíìmù, ó fa ọfà mẹ́jọ sí i lára, ó sì kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sí ìdí ọfà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ìtàn Daguerre ará Faransé àti ọdún 1839. Nígbà tí àkókò kù díẹ̀ kí ó tó pé, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ojú mi fi máa ń dúdú nínú fótò tí mo bá dúró síwájú fèrèsé?" Olùkọ́ wa dá a lóhùn pé ọ̀sẹ̀ keje ni àwọn yóò dé ibẹ̀.

N kò bá a wí púpọ̀. Bí a ṣe kọ́ ọ ni ó ṣe ń kọ́ni, èmi náà sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde sí yàrá àwọn olùkọ́, mo rí fóònù bíi mẹ́fà nínú dúrọ́ọ̀ kan, àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà nítorí pé òfin ilé-ẹ̀kọ́ kò fàyè gbà wọ́n. Kámẹ́rà mẹ́fà wà nínú dúrọ́ọ̀, ọ̀kan tí a fi ẹfun yà sì wà lójú pátákó.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ṣọ́ọ̀bù onífótò. Ní ayé fíìmù, ọmọ tí ó bá wá kọ́ṣẹ́ kì í fọwọ́ kan kámẹ́rà títí di oṣù púpọ̀. Yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi. Lẹ́yìn náà, a ó gbé bíléèdì àti rúlà lé e lọ́wọ́ kí ó máa gé fótò pásípọ́ọ̀tù. Yóò máa kà wọ́n ní mẹ́rin mẹ́rin sínú àpò ìwé, yóò máa kọ orúkọ sí ẹ̀yìn wọn, yóò máa fi férémù sí àwọn ńlá, yóò sì máa gbé fótò lọ sílé àwọn oníbàárà. Àwa olùkọ́ máa ń sọ pé ìmúnisìn ni. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò sì ní gbè sẹ́yìn ọ̀gá tí ó sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹni tí ń fọ abọ́ ìyàwó rẹ̀ fún odidi ọdún kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà dáadáa. Ọmọ tí ó bá fi oṣù mẹ́fà gé fótò pásípọ́ọ̀tù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìwọ̀n àyè tí ó yẹ kí ó wà lókè orí, ó ti mọ̀ pé etí méjèèjì gbọ́dọ̀ hàn, ó sì ti mọ ibi tí ó yẹ kí èjìká parí sí. Ọmọ tí ó ń gbé fótò lọ sílé oníbàárà ń gbọ́ ìdájọ́ láti ẹnu àwọn tí wọ́n san owó: "Kí ló dé tí ojú mi fi pọ́n báyìí?" "Ẹ ò jẹ́ kí bàtà mi hàn!" "Ìyá mi kọ́ nìyí." Kò sí ìdánwò WAEC tí ó le tó ìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni yóò wọ yàrá òkùnkùn, tí yóò máa rí i bí àwòrán ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú omi oògùn. Lẹ́yìn náà ni iná títò. Kámẹ́rà ni ó kẹ́yìn. Nígbà tí ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ bá fi máa pé, ó ti mọ fótò tí ó dára kí ó tó mọ ẹ̀rọ tí ń yà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn onífótò. Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Jean Lave, ṣe ìwádìí láàrin àwọn télọ̀ Vai àti Gola ní ìlú Monrovia ní Làìbéríà. Ó rí i pé ìparí aṣọ ni ọmọ-iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: bọ́tìnnì lílẹ̀ àti etí aṣọ ṣíṣẹ́. Aṣọ rírán pọ̀ tẹ̀lé e, aṣọ gígé ni ó sì kẹ́yìn pátápátá. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tí ó ti ṣẹ́ etí ṣòkòtò púpọ̀ ti mọ bí ṣòkòtò ṣe rí kí a tó gbé sísọ́ọ̀sì lé e lọ́wọ́. Bí ó bá ṣi bọ́tìnnì lẹ̀, ó lè tú u. Bí ó bá ṣi aṣọ gé, aṣọ oníbàárà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìwé tí obìnrin yìí àti Etienne Wenger kọ ní ọdún 1991 sọ èrò wọn lórí iṣẹ́ kíkọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàrin àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ káàkiri àgbáyé. Bí a bá kà á sí etígbọ̀ọ́ télọ̀ kan ní Ìbà, mo rò pé yóò béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni ohun tuntun tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ tún wo J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán tí òkìkí wọn kàn jù ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí ni. Ó ra kámẹ́rà Brownie kan ní ọdún 1950, aládùúgbò kan ni ó sì fi bí a ṣe ń lò ó hàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn ní ọdún 1954, inú yàrá òkùnkùn ni wọ́n fi í sí, gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni ó ń fọ̀, tí ó ń tẹ̀ jáde. Ọdún 1961 ni ó di ayàwòrán ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn kan náà. Àwọn fótò irun dídì tí ó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀, láti ọdún 1968 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọ́n. Ẹni tí ó bá wo bí òwú àti irun ṣe là kedere nínú àwọn fótò náà, tí dúdú dúró tí funfun dúró, yóò mọ̀ pé ẹni tí ó jókòó pẹ́ nídìí omi oògùn ni ó yà wọ́n.

Wàyí o, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù náà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Fíìmù ti kúrò nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wọn. Fótò ń ti inú kámẹ́rà lọ sínú fóònù oníbàárà láì kan ọwọ́ ọmọ-iṣẹ́ kankan. Nítorí pé fótò tí ó bàjẹ́ kò jẹ owó mọ́, ọ̀gá lè gbé kámẹ́rà lé ọmọ lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó dé, kí ó sì rán an lọ sí òde ìsìnkú. Ọmọ náà yóò ya fótò bí ẹni tí ń fọ́n ọkà fún adìyẹ, kò sì ní jókòó wo ẹyọ kan nínú wọn dé ìdí. Ẹ̀yìn tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń pòórá nínú ṣọ́ọ̀bù gan-an. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé iṣẹ́ wà fún ilé-ẹ̀kọ́ níbí, iṣẹ́ tí àwọn ọ̀gá kò ráyè ṣe mọ́. Bí àwa náà bá tún wá bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ, kò ní sí ibì kankan tí ọmọ yóò ti kọ́ bí a ṣe ń wo àwòrán.

Báwo wá ni a ó ṣe kọ́ wọn? Muska Mosston, tí ó kọ ìwé lórí kíkọ́ni ní eré ìdárayá ní ọdún 1966, to àwọn ìlànà ìkọ́ni láti orí èyí tí olùkọ́ ti ń pàṣẹ títí dé orí èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ti ń ṣe àwárí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò pe ìlànà kan ní ọ̀gá ìyókù. Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ ni yóò sọ èyí tí a ó lò. Ní tèmi, ìbéèrè ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú fótò àtijọ́ kan wá láti ilé. Ẹ ó rí bàbá àgbà tí ó jókòó, tí ó kọjú sí wa gan-an, tí ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, tí agbádá rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ. Ta ni ó jókòó? Ta ni ó dúró, kí sì ni ìdí? Níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti wá? Báwo ni ẹ ṣe mọ̀? Kò ní pẹ́ tí ọmọ kan yóò fi rí i pé òjìji imú ni ó ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá.

Ní ọdún 1975, ará Amẹ́ríkà kan tí ó ń jẹ́ Stephen Sprague ṣe ìwádìí láàrin àwọn onífótò ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1978. Ó ṣàlàyé pé ìjókòó àwọn àgbà nínú fótò bá ìlànà ẹwà àti iyì tí ó wà nínú iṣẹ́ ọnà wa mu. Ó tún sọ bí wọ́n ṣe ń ya ìbejì tí ọ̀kan ti kú nínú wọn: wọn a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀ kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal, nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 2001, ṣàlàyé pé ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àwòrán. Àwọn ìwé òkèèrè tí a ń gbé fún aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀ a máa sọ fún un pé kí ó má fi ènìyàn sí àárín gbùngbùn fótò. Ìmọ̀ràn náà wúlò nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ ìdí tí bàbá àgbà fi jókòó sí àárín kò tí ì ní ẹ̀tọ́ láti gbé e kúrò níbẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ni ó tẹ̀lé e, àwárí sì ni ìlànà tí ó bá a mu. Kí a mú wọn jáde síta. Ìlú Èkó kò jìnnà sí àárín ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àtàrí gan-an, ihò ojú a sì dúdú bí ihò ògiri. Kí wọ́n ya ara wọn ní agogo méjìlá ọ̀sán ní gbangba, kí wọ́n tún ya ara wọn lábẹ́ fàráǹdà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí a fi ẹfun kùn. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ sọ ohun kan títí wọn yóò fi tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn àbẹ̀wò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èmi àti olùkọ́ wa yẹn padà sí kíláàsì náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e pẹ̀lú fóònù kan ṣoṣo. A ní kí ọmọ tí ó béèrè ìbéèrè dúró kí ó kẹ́yìn sí fèrèsé, kí ọmọ kan yà á. Lẹ́yìn náà a ní kí ó yí padà kí ó kọjú sí fèrèsé, kí ẹni tí ó ń yà á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Kò sí ẹni tí ó tún nílò àlàyé lẹ́yìn èyí. Àlàyé náà ni wọ́n ń ṣe fún ara wọn, pẹ̀lú ariwo tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fi rán ènìyàn wá wò wá.

Ìgbà tí ó bá kan ẹ̀rọ, mo máa ń padà sí ìlànà àṣẹ, ojú kò sì tì mí. Fi okùn kọ́ ọrùn. Di ìgbúnwọ́ mọ́ ara. Má fi ọwọ́ kan awò iwájú. Kò sí àwárí kankan nínú kámẹ́rà tí ó bọ́ lulẹ̀.

Níhìn-ín ni èdè ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Àléébù ọ̀gá ẹ̀bá ọ̀nà ni pé kì í sọ ìdí, ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi ronú kọjá ohun tí ó rí. Àléébù tiwa ni pé èdè tí ọmọ náà kò gbọ́ yé ni a fi ń sọ ìdí fún un. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún odidi ọdún mẹ́fà láìṣe é ní ìpalára. Àwọn ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìkejì rẹ̀ ní ọdún 1990, fún wa ní ọ̀rọ̀ láti fi kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ fótò kò sí lára ohun tí wọ́n dá lé. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn fúnra rẹ̀ ti fún wa ní ohun tí a nílò. Ìpéǹpéjú kámẹ́rà ni ohun tí ń ṣí tí ó sì ń padé kíákíá. Ọmọlójú rẹ̀ ni ihò tí ń fẹ̀ nínú òkùnkùn, tí ó sì ń sún kì nínú oòrùn. Ọmọ tí ó bá ti wo ojú ológbò ní ọ̀sán àti ní òru ti mọ iṣẹ́ ọmọlójú.

Ohun tí ó máa ń rú aṣẹ̀ṣẹ̀bẹ̀rẹ̀ lójú jù ni nọ́ḿbà ọmọlójú: 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16. Kí ló dé tí nọ́ḿbà ńlá fi jẹ́ ihò kékeré? Mo ti rí i tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta há a sórí láìyé e. Ṣùgbọ́n ìdá ni. Bí a bá pín iṣu kan sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, ìpín tí yóò kàn ọ́ kò lè tó ìgbà tí a pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Láti orí nọ́ḿbà kan sí èyí tí ó tẹ̀lé e, ìmọ́lẹ̀ tí ń wọlé yóò dín kù sí ìlàjì. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni àlàyé yìí gbà mí ní Yorùbá.

Àwọn kan yóò ní Ọ̀jọ́ kì í ṣe ti Yorùbá nìkan mọ́, òótọ́ ni. Ilẹ̀ Àwórì ni, àwọn Ègùn ń bẹ níbẹ̀, àwọn Ìgbò sì kún ọjà Alábà àti kíláàsì wa. N kò sọ pé kí a lé èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ọmọ Ìgbò tí ó dàgbà ní Òkòkòmáíkò mọ iṣu, ó mọ ológbò, ó sì gbọ́ Yorùbá ju èdè ìwé físíìsì lọ. Èyí tó fún ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tí ìwé òkèèrè kì í tẹnu mọ́. Kámẹ́rà tí ń yan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò mọ léèsì, kò mọ ènìyàn. Ohun gbogbo tí ó bá rí ni ó fẹ́ sọ di àwọ̀ eérú. Bí ìyàwó bá wọ léèsì funfun tí ó kún ojú fótò, kámẹ́rà yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, ojú ìyàwó yóò sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ẹ̀yìn bá dúdú, yóò ṣe òdìkejì. Fóònù ìsinsìnyí ti ń wá ojú ènìyàn kí ó tó yan ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣìnà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún láti àwọn ọdún 1950, káàdì tí ó ní àwòrán obìnrin òyìnbó, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ni ilé-iṣẹ́ Kodak fún àwọn tí ń tẹ fótò láti fi díwọ̀n àwọ̀. Ọmọ tí ó béèrè ìdí tí ojú òun fi ń dúdú lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ pé kì í ṣe ojú òun ni ó ní àléébù.

Fún yíyà gan-an, ẹlẹ́gbẹ́ ni kí ó máa kọ́ ẹlẹ́gbẹ́. Kí àwọn márùn-ún máa lo fóònù kan: ọ̀kan ń yà, ọ̀kan jókòó, ọ̀kan di páálí funfun mú, ọ̀kan ń kọ ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀, ọ̀kan ń ṣe oníbàárà aláròyé. Kí wọ́n máa pààrọ̀ ipò. Nípa bẹ́ẹ̀, kíláàsì tí ó kún kì í ṣe ìdíwọ́ tí a sọ pé ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí a sì tẹ díẹ̀ nínú wọn sórí ìwé. Owó wà níbẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n fótò mẹ́ta tí a tẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní sáà kan kò wọ́n tó ìwé tí a ń fipá tà fún wọn.

Mo ṣèlérí láti sọ ohun tí ó kan ẹ̀ka Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ lọ sí yàrá tí a ń kó àpilẹ̀kọ ìparí ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sí. Ẹ mú èyí tí ó dá lórí oríkì tàbí ọdún ìbílẹ̀, kí ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí ìyá àgbà apohùn kan tí a jókòó síwájú ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ jẹ́ òjìji lásán, tí àga ike pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì hàn kedere ju òun lọ. Ìyá náà lè ti papò dà. A kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé, a sì sọ ojú rẹ̀ nù. A kò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà bí a ṣe ń yí àga padà, bẹ́ẹ̀ ni a kò kọ́ ọ bí a ṣe ń gba àyè lọ́wọ́ àgbà kí a tó na ẹ̀rọ sí i, èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú ohun gbogbo.

Mo ti dá a lábàá ní ìpàdé ẹ̀ka wa pé kí a máa pe ọ̀gá onífótò kan wá láti Ìyànà-Ìbà, ọ̀sán ọjọ́ kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí a sì sanwó fún un bí a ṣe ń san fún àlejò olùkọ́. Ẹnì kan béèrè bóyá a ó rí kámẹ́rà tí yóò fi kọ́ wọn. Mo ní kí ó fi kámẹ́rà rẹ̀ sílé. Kí ó kó àpò fótò tí àwọn oníbàárà kọ̀ wá.